Fáìsì Àtijọ́: Ẹ Má Tíì Gbé E Fún Oní-Pàǹtí Irin

Ọ̀rọ̀ tí Olùbẹ̀wò Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ sọ

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ohun ìní ẹgbẹ́. Nígbà púpọ̀ tí mo bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, orí ìwé ni mo máa ń bá a lọ, àwọn ẹlòmíràn a sì máa tòògbé. N kò bá wọn wí. Lónìí, mo fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí. Ohun náà ni fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tí a dè mọ́ orí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù fítà, jórinjórin, mẹkáníìkì àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Mo mú un nítorí pé nínú gbogbo ìwé ohun ìní tí mo ti yẹ̀ wò ní àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́, n kò rí ohun tí iye tí wọ́n kọ sí i jìnnà sí ìwúlò rẹ̀ tó o.

Ẹgbẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àjùmọ̀lò, fáìsì mẹ́ta sì wà níbẹ̀ láti ayé àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọdọọdún ni akọ̀wé ń yọ ìdá mẹ́wàá iye wọn kúrò nínú ìwé nítorí gbígbó, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá, iye wọn di òdo, ó sì wà ní òdo bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé kí wọ́n ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọkùnrin kan tí ń ra pàǹtí irin, kílò-kílò, kí wọ́n sì yá owó láti ra mẹ́ta tuntun. Ọ̀kan tuntun ti wà nílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Mo fi ọwọ́ kan gbé e, ó sì dìde. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́, kò mira. Mo wá bi ìgbìmọ̀ léèrè pé ta ni nínú wọn ni ó ti tú ọ̀kan wò rí? Kò sí ẹnì kan. Mo ní kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta kí oní-pàǹtí tó gbé òṣùwọ̀n dé.

Ohun tí ó jẹ́ kí n dá sí i ni ohun tí mo ti ń kà láti ọjọ́ pípẹ́ nípa àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń wá fáìsì àtijọ́ kiri bí ẹni ń wá ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Bí arúgbó kan tí ó ṣiṣẹ́ fítà bá kú, tí àwọn ọmọ sì ń ta ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ọjà gbàǹjo, wọ́n ń lọ sí àgbàlá àwọn oní-pàǹtí irin, wọ́n a ra èyí tí ó ti dípẹtà débi pé ẹnu rẹ̀ kò ṣí mọ́. Wọ́n a gbé e lọ sílé, wọ́n a tú u palẹ̀, wọ́n a fọ̀ ọ́, wọ́n a tún un tò, yóò sì tún máa ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n, tàbí mẹkáníìkì tí iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń dùn mọ́.

Wọ́n mọ orúkọ àti ìran fáìsì bí a ti mọ oríkì. Ọ̀kan ni Charles Parker, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Meriden, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní 1832, tí ó sì di máyọ̀ àkọ́kọ́ ìlú náà ní 1867. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fáìsì Parker náà ni ó ṣe ìbọn ìdọdẹ Parker. Òmíràn ni Wilton, tí Hugh Vogl, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia tí ó ṣí lọ sí Chicago, dá sílẹ̀ ní 1941. Ẹ̀yìn fáìsì Wilton gùn róbótó bí ọta ìbọn, sikúrù rẹ̀ sì fara pamọ́ pátápátá sínú irin tí eruku kò lè wọ̀. Ohun tí ó wù mí jù nínú ti Wilton ni pé wọ́n tẹ oṣù àti ọdún mọ́ abẹ́ irin tí ń wọlé tí ń jáde. Lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn àtúnṣe ọdún márùn-ún yóò parí ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 4-50 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àdéhùn náà, oṣù Kẹrin ọdún 1945 ni wọ́n ṣe é. Bí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ bá lè máa kọ ọjọ́ báyìí, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Parkinson ti Shipley ní Yorkshire ni ó gbajúmọ̀ fún fáìsì tí a lè fà ṣí kíá láìyí ọwọ́ rẹ̀ lọ títí. Àwọn ọdún 1880 ni ti ìyẹn. C. & J. Hampton ti Sheffield ni ó ṣe Record, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ nítorí pé òun ni ó wà lórí tábìlì ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí a ti kọ́ yín. Nọ́ńbà tí ó wà lára Record fi ìbú ẹnu rẹ̀ hàn: nọ́ńbà 3 jẹ́ íǹṣì 4, nọ́ńbà 5 jẹ́ íǹṣì 5, nọ́ńbà 6 jẹ́ íǹṣì 6. Woden tún wà, láti Wednesbury. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn aṣáájú Rochdale, tí wọ́n ṣí ìsọ̀ wọn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, Rochdale kò jìnnà sí Shipley àti Sheffield yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo irin náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irin dídà, èyí tí àwọn jórinjórin wa ń pè ní káàsì, ni a fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìsì àtijọ́. Èédú wà nínú irin yìí, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìpẹ́ ẹja. Etí ìpẹ́ wọ̀nyí ni irin náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ya. Ìdí nìyí tí káàsì fi lè gba ẹrù wúwo sórí láìmira, ṣùgbọ́n tí kò lè fara da fífà àti lílù. Ní 1943, Keith Millis ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi màgnísíọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú irin yíyọ́, èédú náà a di róbótó bí hóró ọkà, irin náà kì í sì í tètè ya mọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ṣe àwọn fáìsì tí ó dára jù lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ìpẹ́ ẹja. Àwọn tí wọ́n ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi irin kún irin títí ó fi wúwo. Èyí tí a ń ṣe ní ọ̀pọ̀ lónìí láti fi tà ní owó pọ́ọ́kú, káàsì náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ẹran rẹ̀ kúrò. Òótọ́ ni pé a ṣì lè rí tuntun tí ó dára rà. Iye rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ kékeré sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí agbára. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí ọwọ́ fáìsì bá gùn ní íǹṣì 10 láti àárín sikúrù, tí a bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wa rin ìrìn bí íǹṣì 63. Bí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin nínú íǹṣì kan, ẹnu fáìsì sún ní ìdá mẹ́rin íǹṣì péré. Ìyẹn ni pé agbára wa di ìlọ́po bí 250, kí ìfira irin mọ́ irin tó gba tirẹ̀. Ó sì ń gbà ju ìdajì lọ, pàápàá bí kò bá sí gírísì. Ẹni tí ó ṣe é ti ro gbogbo èyí kí ó tó gé ọwọ́ náà sí gígùn tí ó gé e sí. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ki páìpù bọ ọwọ́ fáìsì kí ó baà lè fún un le sí i, ohun tí kò rò ni pé ó ti sọ agbára di méjì tàbí mẹ́ta lórí irin tí a kò ṣe fún un. Ọ̀pọ̀ fáìsì tí ó ya tí mo ti rí, páìpù ni ó pa á, ìpẹtà kọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn. Bí ẹnu tí ó ti ya bá já nígbà tí iṣẹ́ wà láàárín rẹ̀, ọmọlọ́mọ ni yóò gbà á sójú.

Nítorí náà, kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, àyẹ̀wò ni àkọ́kọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa gbogbo ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ẹfun lúbúlúbú kùn ún. Bí ibì kan bá ya, kẹrosíìnì tí ó ti wọ inú rẹ̀ yóò jáde sára ẹfun, ẹ ó sì rí ìlà dúdú. Ẹ wo ìdí ẹnu méjèèjì dáadáa, ẹ wo igun ibi tí irin tí ń rìn ti pàdé ẹnu rẹ̀, ẹ sì wo etí tí bóòtù ń gbà kọjá sí orí tábìlì. Èyí tí etí rẹ̀ ya ṣeé tún ṣe. Èyí tí ó ya ní ìdí ẹnu, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí sikúrù bá ti gan, kì í ṣe òòlù ló kàn. Sùúrù ló kàn. Àwọn kan nínú àwọn olùkójọ yẹn máa ń da epo gíà aláwọ̀ pupa pọ̀ mọ́ asitóònù, ìdajì sí ìdajì. Asitóònù yìí wà nínú oògùn tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ó máa ń wọ ihò tóóró. Ẹ kán an sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ máa yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Kí iná má sún mọ́ ọn, nítorí asitóònù kì í dúró bi iná léèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti yí, ẹ máa tú u lọ títí ẹnu tí ń rìn yóò fi jáde. Kí ẹnì kejì gbá a mú lábẹ́, nítorí kò ní kìlọ̀ kí ó tó já lu ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí sikúrù ń gbà kọjá wà nínú ikùn ẹnu tí kì í kúrò, bóòtù kan tàbí ìdè kékeré ni ó sì sábà máa ń dì í mú.

Ti ìpẹtà, ọ̀nà pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti sùúrù tó fún èyí tí kò burú. Fún èyí tí ó burú, àwọn olùkójọ fẹ́ràn ọ̀nà bátìrì, mo sì ti rí i tí ó ṣiṣẹ́. Ẹ wá ike ńlá, ẹ bu omi sí i, kí ẹ po sódà ìfọṣọ mọ́ ọn, ṣíbí ìjẹun kan sí gálọ́ọ̀nù omi kan. Sódà ìfọṣọ ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí ń jó ọwọ́ tí a fi ń se ọṣẹ. Ẹ kó àwọn pàlàpálà irin lásán sí ẹ̀gbẹ́ ike náà, kí ẹ sì gbé ẹ̀yà fáìsì kọ́ sí àárín, kí wọ́n má fara kanra. Waya dúdú ṣájà bátìrì lọ sára fáìsì. Waya pupa lọ sára irin lásán. Bí ẹ bá ṣì í, fáìsì ni yóò máa jẹra. Ẹ má lo irin tí kì í dípẹtà, irú ti ṣíbí àti ìkòkò dídán, fún irin lásán náà, nítorí oró burúkú ni ó ń tú sínú omi. Ẹ má sì lo páànù. Afẹ́fẹ́ tí ń hó jáde níbẹ̀ lè gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó fọwọ́ bọ omi. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìpẹtà yóò ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá lọ. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ sì fi epo pa á lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ jẹun ná, ẹ ó bá ìpẹtà tuntun níbẹ̀.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Kí ẹ má gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ, kí ẹ má sì fi iná jó o. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó ha á, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo eyín rẹ̀, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi bóòtù dè mọ́ ẹnu. Bí ó bá ti jẹ tán, a lè gé òmíràn láti ara sípíríǹgì mọ́tò. Fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ní àpá, ẹ fi pátákó alumíníọ́ọ̀mù bo eyín náà. Ẹ wo nọ́ọ̀tì: bí ọwọ́ bá ń yí lọ lófo kí ẹnu tó sún, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ léètì lè fi idẹ gbẹ́ tuntun, èyí sì ni ìnáwó tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí etí rẹ̀ bá ya, kí jórinjórin má kàn jó o bí ẹni ń jó géètì. Kí ó mú káàsì náà gbóná kárí díẹ̀díẹ̀, kí ó fi ọ̀pá idẹ dí i, kí ó sì rì í sínú eérú gbígbẹ kí ó tutù mọ́jú. Bí ó bá tutù kíákíá, yóò tún ya ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a dí.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ fi gírísì sí sikúrù, ẹ fi epo pa ibi tí ń wọlé tí ń jáde, kí ẹ má sì kun ọ̀dà síbẹ̀. Ẹ wá ya bébà méjì tóóró, kí ẹ fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún ẹnu, ọ̀kan sí apá òsì, kí ẹ sì fún un pa. Bí ọ̀kan bá fà yọ tí èkejì kò yọ, ẹnu náà kò gún.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn olùkójọ náà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí a kùn ún ní ọ̀dà tuntun bí ti ọjọ́ tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́. Àwọn kan ní kí a fi àwọ̀ dúdú tí ogbó fún un sílẹ̀, nítorí ọ̀dà tuntun ń pa ìtàn rẹ̀ rẹ́. Àwọn mìíràn tò ó sórí pẹpẹ, wọn kì í fi ṣe nǹkan kan. Ti àwọn wọ̀nyí kò yé mi rárá. Fún tiwa, ọ̀dà wúlò nítorí ọ̀rinrin ìgbà òjò, àwọ̀ tí ó bá wù yín ni kí ẹ kùn.

Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yẹn ńkọ́? Nínú mẹ́ta, méjì ti padà sórí tábìlì. Ọ̀kan kò bèèrè ju epo, sódà àti iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ méjì lọ. Èkejì bèèrè nọ́ọ̀tì tuntun. Ẹ̀kẹta ya ní ìdí ẹnu, ẹfun fi hàn wá, ó sì ti ní àpá ìjó mẹ́ta tí àwọn kan ti jó o ṣáájú. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ta ìyẹn fún oní-pàǹtí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ sikúrù, ọwọ́ àti eyín rẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe gbogbo àtijọ́ ni ó yẹ kí a jà fún. Ẹ̀yáwó tí wọ́n fẹ́ gbà fún mẹ́ta di fún ẹyọ kan, wọ́n sì ra èyí tí ó wúwo díẹ̀.

Ó wá ku ti ìwé. Òdo tí ó wà nínú ìwé kò túmọ̀ sí pé ohun náà kò níye lórí. Ohun tí ó ń sọ ni pé a ti yọ owó tí a fi rà á tán. Nítorí náà, ẹ má ta ohun ìní ẹgbẹ́ kankan nítorí òdo. Kí a mú un wá sí ìpàdé, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà sì yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Owó epo àti sódà, ìnáwó àtúnṣe ọdún náà ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì idẹ tuntun tí yóò jẹ́ kí fáìsì lò pẹ́ sí i fún ọdún púpọ̀, ìgbìmọ̀ lè pinnu pé kí a fi owó rẹ̀ kún iye ohun ìní, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Fún fáìsì kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ìbú ẹnu rẹ̀, ọjọ́ tí a tú u kẹ́yìn, àti ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bá tún dé fún àyẹ̀wò, ojú ewé yẹn ni n ó kọ́kọ́ bèèrè, n ó sì mú bébà méjì tóóró mi dání.